Bí Mo Ṣe Gbé Ẹ̀yìn Mi Lọ sí Àpápá

Ẹ̀yin ará Ìgbẹ́tì, láti ìgbà tí mo ti ti Èkó dé lẹ ò ti jẹ́ n gbádùn. Bí mo bá ṣe àlùwàlá tán níwájú mọ́ṣáláṣí, ẹ ó ní, "Sójà, Èkó ti rí?" Bí mo bá lọ gẹrun, onígbàjámọ̀ á dá abẹ dúró sí mi lórí, á ní àfi kí n ròyìn kóun tó máa bá a lọ. Àwọn kan tilẹ̀ ń bi mí nípa báàgì tó sùn sí ẹnu ọ̀nà ilé wa lọ́jọ́ tí mo dé. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹnu mi lè sinmi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí a ti wọkọ̀ àti iye tí wọ́n gbà, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará gáréèjì. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi dé ọ̀hún. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ológun ni mo ṣe títí mo fi di sájẹ́ǹtì. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn mi. Nígbà tí a wà lápá Òkè Ọya, ọkọ̀ ẹrù wa dojú dé sínú kòtò, àpótí ọta ìbọn sì já lé mi ní ìbàdí. Mo dìde, mo gbọn eruku ara mi, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Láti ọjọ́ náà ni egungun ẹ̀yìn mi ti ń bá mi jà. Ẹsẹ̀ òsì mi a máa kú nígbà mìíràn bíi pé ti ẹlòmíràn ni. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, ó le débi pé n kò lè bẹ̀rẹ̀ wa iṣu mọ́. Ṣìfáwù ìyàwó mi ló ń wa iṣu, òun ló ń rù ú wálé, òun ló ń pọnmi, òun náà ló ń gúnyán. Ẹ̀yin rò pé ìgbéraga ni, pé sájẹ́ǹtì kì í ru iṣu. Mo jẹ́ kí ẹ máa rò bẹ́ẹ̀, ó sàn lójú mi ju kí ẹ mọ òótọ́ lọ.

Ìjọba ní ẹ̀tọ́ kan fún sójà tó bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́: ìtọ́jú àti owó ìrànwọ́. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ológun ní láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n gbà pé iṣẹ́ ló ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, pé kì í ṣe ọjọ́ ogbó. Àpápá ni wọ́n ní àwọn máa jókòó sí fún tiwa. Bí wọ́n bá fi lè sọ pé rárá, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, màá máa wọ́ ẹsẹ̀ òsì mi káàkiri Ìgbẹ́tì títí ọlọ́jọ́ á fi dé.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, Ṣìfáwù ló ru báàgì mi dé gáréèjì. Ó ń fi ọwọ́ kan di báàgì mú, ó ń fi èkejì tẹ èjìká ara rẹ̀. Mo ní, "Ṣé kò wúwo?" Ó ní, "Kò wúwo. Ẹ máa bọ̀." Mo gbà á gbọ́, mo wọkọ̀.

Ajégúnlẹ̀

Ọ̀dọ̀ Lásísì, àbúrò Ṣìfáwù, ni mo dé sí ní Ajégúnlẹ̀. Iṣẹ́ ẹrù gbígbé ló ń ṣe ní Kirikiri, níbi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi pẹlẹbẹ ti ń já ẹrù tí wọ́n gbà lára ọkọ̀ òkun ńlá. Yàrá kan ló ní nínú ilé gígùn kan tí yàrá ìhín kọjú sí yàrá ọ̀hún, tí gbogbo ayé ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà kọjá. Bí ẹnì kan bá sín ní yàrá iwájú, ẹni tó wà ní yàrá ìkángun á kí i ní pẹ̀lẹ́.

Ìdọ̀tí àti ìjà ni mo rò pé màá bá níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa ń sọ fún mi nílé. Ìdọ̀tí wà, n kò ní purọ́; gọ́tà iwájú ilé náà kò mọ ìtìjú rárá. Ìjà kan náà ṣẹlẹ̀, lórí bọ́ọ̀lù ni, wọ́n sì ti jọ ń rẹ́rìn-ín kí n tó mọ ẹni tó jàre. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ ni bí wọ́n ṣe ń kíni.

Màmá Ẹ́fẹ̀ ni onílé wọn, ọmọ Urhobo, tó ti pẹ́ ní Èkó débi pé kò mọ ìgbà tó ń fi Yorùbá sílẹ̀ bọ́ sínú Pidgin. Bí Lásísì ṣe mú mi wọlé, ó ní, "Baba Soja, welcome o. How body?"

Mo ní, "A dúpẹ́ o, Màmá."

Ó dúró, ó ń wò mí. "I no ask whether you dey thank God. Mo ní, how body?"

Lásísì rọra sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ara yín ló ń béèrè. Ẹ dá a lóhùn."

Mo ní, "Ara le."

Màmá Ẹ́fẹ̀ wo bí mo ṣe di férémù ilẹ̀kùn mú, ó lọ gbé oúnjẹ wá.

N kò mọ̀ pé ìbéèrè gidi ni. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, bí wọ́n bá ní "Ṣé dáadáa ni?", kí á dúpẹ́ kí á kọjá ni. Lọ́hùn-ún, wọ́n ń dúró gbọ́ ìdáhùn. Bí o bá bi obìnrin tó ń din àkàrà lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "My neck no gree turn since yesterday." Bí o bá bi ọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á na ọwọ́ rẹ̀ síwájú rẹ, á fi ibi tó wú hàn ọ́, á ní ó ti sàn ju ti àná lọ. Kò sẹ́ni tó ń sunkún nínú wọn. Bí èèyàn ṣe ń sọ pé ó jọ pé òjò máa rọ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Lójú tèmi, ìwà ọmọdé gbáà ni. Mo ní nínú ara mi pé bí wọ́n bá kó àwọn èèyàn yìí dé bárékè, wọn ò ní lò tó ọ̀sẹ̀ kan.

Oúnjẹ tí Màmá Ẹ́fẹ̀ gbé wá ni stárṣì àti ọbẹ̀ banga tí wọ́n fi omi ẹyìn sè. Ẹ̀gẹ́ ni ìyá stárṣì, bẹ́ẹ̀ ni kò jọ ẹ̀bà, kò sì jọ fùfú. Epo mú kó pọ́n rúsúrúsú, ó sì ń fà. Mo bù ú, ó tẹ̀lé ọwọ́ mi; mo gbé ọwọ́ sókè, ó ṣì ń bọ̀. Àwọn ọmọ ilé ti pé jọ, wọ́n ń wo bí àgbàlagbà ṣe ń bá oúnjẹ jà. Màmá Ẹ́fẹ̀ ní kí n fi epo pa ìka mi. "E no be pounded yam, Baba. No fight am." Nígbà tó yá, èmi àti stárṣì gbọ́ ara wa yé. Ọbẹ̀ náà ń ta sánsán, ẹja gbígbẹ inú rẹ̀ tóbi ju ọwọ́ mi lọ, mo sì béèrè òmíràn láìtijú.

Wọ́n fẹ́ràn kí n máa sọ̀rọ̀. Bí mo bá la ẹnu, wọ́n á ní kí n tún un sọ. Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́, Yorùbá Òkè-Ògùn ló ń dùn mọ́ wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè bóyá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti wá. Èmi tí mo ti fi ẹsẹ̀ rin gbogbo Nàìjíríà, Ajégúnlẹ̀ ni mo ti wá di àjèjì.

Abẹ́ igi ní GRA

Láti Ajégúnlẹ̀ dé GRA Àpápá kò jìnnà, ṣùgbọ́n ìlú ọ̀tọ̀ ni. Ní Liverpool Road, tírélà tò lọ débi tí ojú lè rí dé. Àwọn awakọ̀ wọn ti sọ abẹ́ ọkọ̀ di ilé: ẹnì kan ń fọ aṣọ, ẹnì kan ń se ìrẹsì, ẹnì kan na gbalaja sórí ẹní, ó ń gbọ́ rédíò. Mo kí wọn, wọ́n kí mi, ẹni tó ń se ìrẹsì sì ní kí n dúró jẹun. Bí mo ṣe yà sínú GRA báyìí ni ariwo dá. Igi ńláńlá, ilé tó fara pamọ́ sẹ́yìn ọgbà, mọ́tò tí gíláàsì rẹ̀ dúdú. Mo kí ọkùnrin kan tó ń fọ mọ́tò ọ̀gá rẹ̀. Ó wẹ̀yìn kó lè mọ ẹni tí mò ń kí.

Nínú ọgbà tí àwọn dókítà ti jókòó, abẹ́ igi kan ni wọ́n kó àwa sójà àtijọ́ sí. Ẹ bá rí wa. Ẹnì kan fara ti igi, ẹnì kan dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ẹnì kan di ògiri mú bíi pé ògiri ló fẹ́ ṣubú. Bàbá kan tó ti ṣe ológun ojú omi jókòó tì mí, ó fi orí ọ̀pá gbé àgbọ̀n. Ẹ̀yìn kan ṣoṣo tó pé kò sí láàárín wa. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé, ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ aṣọ sójà, bá jáde pe orúkọ, ẹni tó pè á dìde, á na ara gbọnrangandan, á máa fi ẹsẹ̀ na ilẹ̀ wọlé. Orí mi wú. Mo ní ọmọ ogun ò kúkú lè gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

Ó kàn mí. Mo fi ẹsẹ̀ na ilẹ̀, mo kí dókítà bí ológun ṣe ń kí ọ̀gá. Ipò méjọ̀ ló wà, ọmọ tí mo lè bí, ojú rẹ̀ kò sì le. Ó gbé orí sókè, ó ní, "Any complaint, Sergeant?"

Ó yẹ kí n ṣàlàyé èyí fún ẹ̀yin tí ẹ kò gbé bárékè rí. Láràárọ̀ tí a bá tò, ọ̀gá á máa rìn kọjá níwájú ìlà, á máa béèrè ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, pé ṣé ẹnì kan ní ẹ̀dùn. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà. Bí àkekèé bá wà nínú bàtà rẹ, ìdáhùn náà ni. Bí ibà bá ń gbọ̀n ọ́, ìdáhùn náà ni. Mo ti sọ ọ́ títí ó fi di ara ìmí mi.

Ẹnu mi ló dáhùn, kì í ṣe èmi. "No complaint, sah!"

"Are you sure?"

"Sah!"

Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀, kí n fi ọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Àṣẹ ni, mo sì fọwọ́ kàn án. Ìràwọ̀ tí mo rí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, n kò rí irú rẹ̀ lóru rí. Mo nà ró padà. Ó ní, "Very good. You may go." Mo yí padà bí wọ́n ṣe kọ́ wa, mo jáde.

Abẹ́ igi ni mo ṣubú sí. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Mo ti ti Ìgbẹ́tì wá sí Èkó láti wá fi ẹnu ara mi sọ fún ìjọba pé kò sí ohun tó ń ṣe mí. Bàbá ológun ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀yìn ń dùn ún bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, kò sì lè dá a dúró. Ó ní, "Ìwọ náà? Bí mo ṣe ṣe tèmi níjọ́sí nìyẹn. Wọ́n ní kí n tún padà wá, ẹ̀rù sì ń bà mí pé màá tún un ṣe." Ẹ̀rín pa èmi náà, ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́ gidigidi. Mo rántí Ṣìfáwù àti iṣu orí rẹ̀.

Akọ̀wé náà jáde wá, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní wọ́n ṣì máa jókòó lọ́jọ́bọ̀, òun á bá mi sọ fún dókítà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá sọ lọ́jọ́ náà ni abẹ gé. Ó ní, "Bàbá, bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sójà yẹn sílé."

Kirikiri

Mo ròyìn fún Lásísì. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ọmọ dáadáa ni. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ̀lé mi lọ síbi iṣẹ́ lọ́la. Ẹ wá wo nǹkan kan."

Omi ní Kirikiri dúdú, ó ń dán nítorí epo. Àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ náà sùn síbẹ̀, ẹrù kún orí wọn, àwọn ẹyẹ funfun sì dúró lórí ẹrù bí ẹni tó ni ín. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, Lásísì àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tò sí ìlà kan. Inú mi dùn, mo ní ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n tò. Fóòmàn wọn, ọmọ ẹ̀yà Ijaw kan tí irun rẹ̀ ti funfun, wá dúró níwájú wọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá mi àtijọ́. Ó ní, "Oya, talk your body."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ ní ìbàdí ń ro òun díẹ̀. Fóòmàn fi í sídìí okùn. Lásísì ní, "Right knee, Oga." Fóòmàn ní kó má gun àkàbà lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan ní ara òun le koko, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè sí i. Nígbà tó kan ọkùnrin gìrìpá kan, ó ní, "I dey kampe." Fóòmàn wò ó, ó na ọwọ́, ó tẹ̀ ẹ́ ní èjìká, ọkùnrin náà sì ká kò. Fóòmàn ní, "Go house. No be pain I dey drive. Na lie."

Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ó dùn mí fún un, mo sì bi Lásísì pé kí ló dé tí wọ́n ṣe le tó bẹ́ẹ̀. Lásísì ní, "Ẹ̀gbọ́n, méjì méjì la ń gbé ẹrù. Bí mo bá ní orúnkún mi le tí kò sì le, ẹni tí a jọ gbé e ló máa ru ìdá tèmi mọ́ tirẹ̀. Òun ni nǹkan náà máa pa."

Fóòmàn ti gbọ́ wa. Ó yíjú sí mi. "Baba, man wey lie for him body, na him partner go carry am."

Mo jókòó sórí òpó irin kúkúrú kan tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́ títí oòrùn fi gòkè, mò ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé e ní méjì méjì. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn wà níbi tí ẹsẹ̀ kò ti níṣẹ́, ẹni tí ọwọ́ ń dùn wà níbi tí ọwọ́ ti lè sinmi. Ẹrù náà ń lọ láìdúró. Mo kó ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ìwà ọmọdé jẹ padà.

Nígbà tí a délé, Màmá Ẹ́fẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. "Baba Soja, how body?"

Mo ní, "Màmá, ẹ̀yìn mi."

Ó ní, "Ehen," ó sì lọ gbé omi gbígbóná àti aṣọ ìnura wá.

Ọjọ́bọ̀

Nígbà tí akọ̀wé pe orúkọ mi, ara mi fẹ́ nà. Mo di bẹ́ǹṣì mú títí ó fi rọlẹ̀. Mo rìn wọlé bí mo ṣe máa ń rìn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá wò mí, mò ń wọ́ ẹsẹ̀. Ojú tì mí, mo ń wí fún yín, bíi pé ìhòòhò ni mo wà.

Dókítà ní, "Sergeant, you again. Any complaint?"

"No com..."

Mo gbé ìyókù mì. Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó."

Ó na ọwọ́ sí àga. Mo jókòó, n kò sì dúró kó tún bi mí. Òyìnbó mi kò tó èyí í sọ, Yorùbá ni mo fi sọ ọ́: kòtò, àpótí, ẹsẹ̀ tó ń kú, àárọ̀ tí n kò lè wọ ṣòkòtò àfi kí n dùbúlẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ó ń rọ̀ mí lọ́rùn, ó sì tún ń dùn mí sí i.

Ó ní, "But the other day you touched your toes."

"Ẹ̀yin lẹ pàṣẹ, sà."

"And if I order you now?"

"N kò ní lè ṣe é, sà."

N kò kọ àṣẹ ọ̀gá rí láyé mi. Mò ń retí kí òrùlé wó lé mi lórí. Dókítà gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ sínú Yorùbá Ìjẹ̀bú, ó ní, "Bàbá, ẹ dùbúlẹ̀ síbí, ẹ jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn yẹn." Mo ti kúrò ní sájẹ́ǹtì, mo ti di bàbá. Ó tẹ ibì kan, mo ké. Ó fi abẹ́rẹ́ gún ẹsẹ̀ òsì mi, n kò mọ̀ pé ó gún un. Ó ní kí wọ́n ya fọ́tò egungun mi, ó gbé e sójú iná, ó sì fi hàn mí: ibi tó yẹ kí àyè wà, egungun ti jókòó lórí egungun, ọ̀kan sì ní àpá ibi tó ti ṣẹ́ rí tó jinná fúnra rẹ̀.

"Àpá àtijọ́ lèyí, Bàbá. Kì í ṣe ọjọ́ ogbó." Ìwé iṣẹ́ mi ti sọ ti ọkọ̀ tó dojú dé, ohun tí kò sí níbẹ̀ ni pé ó dùn mí. Dókítà ní, "Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wọn láti ọjọ́ yìí? Ṣé wọn ò bi yín ni?"

Mo ní, "Wọ́n bi mí, sà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé iṣẹ́ ìjọba ló ba ẹ̀yìn mi jẹ́. Ìtọ́jú á bẹ̀rẹ̀, ìyókù á tẹ̀lé e. Mo jáde, mo bá Bàbá ológun ojú omi lábẹ́ igi, ó ń dúró kí wọ́n pe òun. Mo fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ kọ́kọ́ jókòó kí ẹ tó la ẹnu."

Ẹnu ọ̀nà wa

Ṣìfáwù wá pàdé mi ní gáréèjì, ó gba báàgì, ó rù ú. Ẹja gbígbẹ tí Màmá Ẹ́fẹ̀ dì fún un ti mú kó wúwo ju ti ìjọ́sí lọ. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ó sọ báàgì kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi. "Ẹ kú àbọ̀ o. Ara ńkọ́?"

Mo ti fẹ́ dúpẹ́. Mo ní, "Ẹ̀yìn ń dùn mí, Ṣìfáwù. Ẹsẹ̀ òsì náà. Láti Òkè Ọya ni."

Kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀. Bí ẹ bá ti sùn lẹ máa ń kérora. Mò ń dúró kí ẹ fúnra yín sọ ọ́ ni."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, òun náà wá jókòó tì mí, obìnrin tí kì í jókòó bí oòrùn bá ṣì wà lókè. Ó ní, "Èmi náà, èjìká ń dùn mí. Ó ti lé lọ́dún kan. Apá yìí kò kọjá ibí mọ́." Ó gbé e sókè kí n rí i. Kò dé etí.

Mo di apá náà mú. Omi bọ́ lójú mi, n kò sì fi pamọ́ fún un. Lẹ́yìn náà a jọ wo báàgì tó wà nílẹ̀. Mo ní kó má gbé e, òun náà ní kí n má gbé e, la bá fi í sílẹ̀ síbẹ̀, a wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ bá a níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí ẹ ń bi ara yín bóyá a jà ni, a ò jà.